Ìwé Mímọ́ Lórí Ààtàn: Kí Ni Àwọn Kristẹni Àkọ́kọ́ Ń Ṣe Sí Ìwé Tó Ti Gbó?

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1897, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì láti Oxford, Bernard Grenfell àti Arthur Hunt, kó òṣìṣẹ́ lọ sí ẹ̀yìn abúlé el-Bahnasa ní Íjíbítì, níbi tí ìlú àtijọ́ tí ń jẹ́ Oxyrhynchus wà rí. Wọn kò wá ààfin, wọn kò sì wá ibojì ọba. Ààtàn ni wọ́n ń tú, ààtàn ìlú tí pàǹtírí ti gorí ara wọn níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, tí iyanrìn aṣálẹ̀ wá bò ó mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ kò tí ì jìnnà tí Hunt fi rí ewé kan tó ti ya, tí ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan hàn lára rẹ̀: ẹ̀ẹ́rún igi. Ọkàn rẹ̀ lọ tààrà sí ẹ̀ẹ́rún igi ojú arákùnrin ẹni tí Jésù sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ewé yẹn jẹ́ ara Ìhìnrere Tọ́másì, ìwé kan tí kò sí nínú Bíbélì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò tí ì mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Lọ́jọ́ kejì, Hunt tún rí ewé mìíràn: orí kìn-ín-ní Ìhìnrere Mátíù.

Báwo ni Mátíù ṣe dé orí ààtàn?

Ìdáhùn méjì ló wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Àwọn kan ní àwọn ọ̀tá ìgbàgbọ́ ló lọ dà á síbẹ̀, torí pé Kristẹni kan kò jẹ́ ṣe irú rẹ̀. Àwọn kejì, àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ìtàn ìwé tí ìjọ fi pamọ́, ní ìwé tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù kọ̀ nìkan ni wọ́n ń dà nù. Ìdáhùn méjèèjì dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò gbè wọ́n. Mátíù àti Tọ́másì ti inú ààtàn kan náà jáde, láàárín ọjọ́ méjì. Nígbà tó yá, Jòhánù jáde níbẹ̀, Róòmù jáde, Hébérù jáde, Sáàmù náà jáde. Tó bá jẹ́ pé ìdájọ́ ni ààtàn, a jẹ́ pé gbogbo wọn ló jẹ̀bi.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní sọ lórí rẹ̀ kò gùn: àwọn Kristẹni ìgbà yẹn kò ní òfin kan ṣoṣo lórí bí a ṣe ń palẹ̀ ìwé mímọ́ tó ti gbó mọ́. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gan-an, àmọ́ ọ̀wọ̀ ọ̀rọ̀ àti ọ̀wọ̀ ewé tí wọ́n kọ ọ́ sí, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Nítorí náà, ibi tí a ti rí ìwé lónìí, ìbáà jẹ́ ààtàn, ìkòkò tàbí ibojì, kò lè dá sọ ohun tí ẹni tó ni ín gbà gbọ́ fún wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ìwé tí à ń sọ. Kò sí ẹni tó ní Bíbélì tí gbogbo rẹ̀ wà lábẹ́ èèpo kan ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì tàbí ìkẹta. Ìjọ kan lè ní Ìhìnrere kan tàbí méjì, àwọn lẹ́tà Pọ́ọ̀lù, àti Sáàmù. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ gbogbo rẹ̀, yálà sórí páàpírù tí wọ́n fi koríko etí odò Náílì ṣe, tàbí sórí awọ ẹran tí wọ́n ti há dáadáa. Ìwé awọ wà lára ohun tí lẹ́tà kejì sí Tímótì ní kí ó bá Pọ́ọ̀lù kó bọ̀ láti Tíróásì, pẹ̀lú aṣọ òtútù. Nígbà tí àwọn ará Gíríìsì àti Róòmù ṣì fẹ́ràn ìwé kíká tí wọ́n ń ká bí ẹní, àwọn Kristẹni ti gba ìwé aléwé mọ́ra, irú èyí tí à ń ṣí lónìí. Wọn kì í sì í kọ Ọlọ́run, Olúwa, Jésù àti Krístì tán. Wọ́n á kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn, wọ́n á wá fa ìlà sórí wọn. Ìlà kékeré yìí ló ń jẹ́ kí onímọ̀ mú ewé tí kò ju èékánná lọ kúrò láàárín ìwé-ẹ̀rí owó orí, kí ó ní, "Ti Kristẹni nìyí."

Àwọn Júù, tí àwọn Kristẹni ti ọ̀dọ̀ wọn jáde, ní àṣà tó ṣe kedere. Míṣínà, àkójọ òfin àwọn rábì tí wọ́n kó jọ ní nǹkan bí ọdún 200, sọ bí a ṣe ń gba ìwé mímọ́ là bí ilé bá ń jó ní ọjọ́ Sábáàtì, ó sì ní kí a fi wọ́n pamọ́, èdè yòówù kí wọ́n fi kọ wọ́n. Tálímọ́ọ̀dù, ìwé ńlá tó ṣàlàyé Míṣínà, ní kí a sin ìwé Tórà tó ti gbó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀mọ̀wé kan. Láti inú irú èrò bẹ́ẹ̀ ni yàrá ìkówèé-gbígbó-sí sínágọ́gù Ben Ezra ní Káírò ti wá, níbi tí Solomon Schechter ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ewé lọ sí Cambridge ní 1897. Àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa náà kì í da Kùránì tó ti gbó sí ààtàn. Èyí ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ rò pé àwọn Kristẹni àkọ́kọ́ pẹ̀lú ní irú àṣà bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ní in, kò hàn nínú ìwé òfin ìjọ kankan tó ti ìgbà yẹn wá, kò sì hàn lórí ààtàn Oxyrhynchus.

Lórí ààtàn yẹn, nǹkan bí 500,000 ègé ìwé ni wọ́n kó jáde láàárín 1897 sí 1907. Ìwé-ẹ̀rí owó, lẹ́tà ilé, àdéhùn ilẹ̀ àti ẹjọ́ aládùúgbò ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn olóòtú kò sì tí ì tẹ̀ ẹ́ jáde tán títí di òní. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ nínú gbogbo páàpírù Májẹ̀mú Titun tí a mọ̀ lágbàáyé, tí iye wọn lé ní 140, tó jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti wá. Ẹ rò ó wò: apá tó pọ̀ nínú ẹ̀rí àtijọ́ jù lọ tí àwọn atúmọ̀ Bíbélì ń gbára lé, pàǹtírí ni.

Ọ̀rọ̀ pé ọ̀tá ló dà wọ́n nù kò ṣe é gbà níbẹ̀. Ìwé kan tó ti òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin wá sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì 12 ló wà ní Oxyrhynchus, pé àwọn mọ́ńkì pọ̀ níbẹ̀ débi pé ìlú ń hó fún orin àti àdúrà tọ̀sán-tòru. Ká tiẹ̀ ní àsọdùn wà nínú ọ̀rọ̀ arìnrìn-àjò, ìlú Kristẹni ni. Wọ́n sì ń da ewé Ìhìnrere nù nínú ìlú Kristẹni yẹn. Àwọn onímọ̀ tó yẹ àwọn ègé náà wò fínnífínní tún ṣàkíyèsí pé àwọn kan ya lọ́nà tó jọ pé ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ fà á ya kí ó tó dà á nù. Bóyá kí ẹlòmíràn má baà mú un lò ni, bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe sí gbogbo ìwé tí iṣẹ́ rẹ̀ ti tán ni. Èmi fara mọ́ èkejì, torí pé lẹ́tà ilé àti àdéhùn ilẹ̀ náà ya bẹ́ẹ̀.

Ewé kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Ẹsẹ méje àkọ́kọ́ lẹ́tà sí àwọn ará Róòmù ló wà lórí rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ tóbi, kò sì gún, bí ìkọ̀wé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ẹlòmíràn ti fi kálàmù ya nǹkan sí ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n rí i mọ́ àwọn ìwé òwò ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Leonides, tó ń ṣòwò ọ̀gbọ̀, tí ọ̀kan nínú ìwé náà sì ní déètì ọdún 316. A jẹ́ pé nínú agbo ilé oníṣòwò, ẹnì kan ń fi ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù kọ́ bí a ṣe ń kọ̀wé. Nígbà tí àdéhùn òwò kò wúlò mọ́, gbogbo ìdì náà di ti ààtàn, Pọ́ọ̀lù àti ọ̀gbọ̀ pa pọ̀. Ẹni tó fẹ́ rí ẹ̀gàn nínú èyí á fi agbára wá a.

Wọ́n ń lo ewé lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú. Ìhìnrere Tọ́másì kan tí wọ́n rí níbẹ̀, ẹ̀yìn ìwé ìwọnlẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ̀yìn ìtàn Róòmù tí wọ́n gé kúrú láti inú ìwé Livy ni wọ́n kọ lẹ́tà sí àwọn Hébérù sí. Ewé wọ́n, ẹni tí kò lówó tuntun ń wá ti tẹ́lẹ̀.

Àwọn ènìyàn kan náà yìí, tàbí àwọn bàbá wọn, kú torí ìwé. Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti máa ń rú ni lójú jù lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún 303, Diocletian, ọba Róòmù, pàṣẹ pé kí wọ́n wó ilé ìjọsìn àwọn Kristẹni, kí wọ́n sì sun ìwé wọn. Eusebius, bíṣọ́ọ̀bù Kesaríà, kọ ọ́ pé ojú òun ni wọ́n ṣe ń sun ún láàárín ọjà. Ní ọjọ́ 19, oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, àṣẹ náà dé Cirta, ìlú tí ń jẹ́ Constantine ní Àlgéríà báyìí. Munatius Felix, aláṣẹ ìlú, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí ilé tí àwọn Kristẹni ti ń pàdé. Akọ̀wé ìjọba tẹ̀ lé wọn, ó ń kọ ohun tí oníkálùkù sọ, àkọsílẹ̀ náà sì wà títí di òní.

Felix ní kí Bíṣọ́ọ̀bù Paulus kó ìwé òfin wọn jáde. Bíṣọ́ọ̀bù ní ọwọ́ àwọn òǹkàwé, àwọn tó ń ka ìwé mímọ́ sókè nínú ìjọ, ni ìwé wà, pé ohun tó wà nílé àwọn á kó o sílẹ̀. Felix ní kí ó tọ́ka àwọn òǹkàwé. Bíṣọ́ọ̀bù ní, "Gbogbo yín lẹ mọ̀ wọ́n." Felix ní, "A kò mọ̀ wọ́n." Bíṣọ́ọ̀bù ní kí ó bi àwọn akọ̀wé rẹ̀, wọ́n mọ̀ wọ́n. Àsọyé ńlá!

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹrù: ife wúrà 2, ife fàdákà 6, àtùpà fàdákà 7, aṣọ obìnrin 82, bàtà obìnrin 47, bàtà ọkùnrin 13. Nígbà tí wọ́n dé ibi ìkówèésí, àpótí òfìfo ni wọ́n bá. Díákónì kékeré kan, Catullinus, wá gbé ìwé kan ṣoṣo jáde, ìwé ńlá. Felix bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀kan. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀, Marcuclius, ní ọ̀dọ̀ àwọn òǹkàwé ni ìyókù wà. Ta ni wọ́n, níbo ni wọ́n ń gbé? Wọ́n ní, "Àwa kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Àwa rèé, ẹ ní kí wọ́n pa wá." Felix ní kí wọ́n tì wọ́n mọ́lé.

Àwọn tó kù fi ọ̀nà hàn. Eugenius kó ìwé 4 sílẹ̀. Felix mìíràn, oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń to òkúta wẹ́wẹ́ sí ilẹ̀ ilé, kó 5. Victorinus kó 8. Projectus kó ńlá 5 àti kékeré 2. Victor, olùkọ́ gírámà, kó ìwé 2 àti ìdì ewé 4 tí wọn kò tí ì dì pọ̀. Felix ní ó ku, Victor ní ká ní òun ní jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, òun ìbá ti kó o wá. Nílé Coddeo, ọkọ kò sí nílé. Ìyàwó kó 6 jáde. Felix ní kí ó tún wò, ó ní ó tán. Wọ́n rán ẹrú ìjọba wọlé lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó jáde wá ní, "Mo wá a, n kò rí nǹkan."

Mo fẹ́ràn àkọsílẹ̀ yìí nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò láti sọ fún wa nínú rẹ̀. Ó jẹ́ ká mọ ibi tí ìwé ìjọ ń sùn: ilé oníṣẹ́ ọwọ́, ilé olùkọ́, ilé ẹni tí ìyàwó rẹ̀ mọ ibi tí wọ́n kó o sí. Ìwé tó wà nílé báyìí, tí ọwọ́ ọmọdé ń dé, tí ọ̀rinrin ń wọ̀, tí wọ́n ń ṣí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sí bí kò ṣe ní gbó, kò sì sí bí ẹni tó ni ín kò ṣe ní wá ibi tó máa gbé e sí.

Ohun tó tẹ̀ lé e le gan-an. Àwọn tó kó ìwé sílẹ̀ fún ìjọba di ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀dàlẹ̀. Nígbà tí àlàáfíà dé, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Arles ní ọdún 314 pàṣẹ pé kí a yọ àlùfáà tí àkọsílẹ̀ ìjọba bá fi hàn pé ó fi ìwé mímọ́ lé wọn lọ́wọ́ kúrò nípò. Ìjọ Áfíríkà Àríwá pín sí méjì lórí ẹjọ́ yìí, ìpínyà àwọn ọmọlẹ́yìn Donatus, tí ó sì gba ìran dé ìran. Nínú ìjà yẹn ni wọ́n ti gbé àkọsílẹ̀ Cirta jáde níwájú aláṣẹ ní ọdún 320. Ẹni tó kan ni Silvanus, tó jẹ́ díákónì kékeré lọ́jọ́ náà, tó ti wá di bíṣọ́ọ̀bù ní ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń pe ẹlòmíràn ní ọ̀dàlẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló juwọ́ sílẹ̀. Ní Tẹsalóníkà ní ọdún 304, wọ́n sun Irene lóòyẹ̀ torí pé wọ́n rí àwọn ìwé awọ àti ìwé mìíràn tó fi pamọ́, wọ́n sì sun ìwé náà ní gbangba. Mensurius, bíṣọ́ọ̀bù Carthage, ní tirẹ̀, fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ṣe é: ó kó ìwé mímọ́ lọ sílé, ó sì fi ìwé àwọn aládàámọ̀ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn oníwàdìí kó o lọ tayọ̀tayọ̀.

Báwo ni ènìyàn ṣe máa kú nítorí ìwé, tí ọmọ rẹ̀ á sì wá da ewé kan náà sí ààtàn? Lójú tèmi, kò takora. Ohun tí Irene kọ̀ láti ṣe ni kí òun fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lé ẹni tó fẹ́ pa á rẹ́ lọ́wọ́. Ìyẹn, sísẹ́ ni. Ẹni tó ti ṣe àdàkọ tuntun, tó wá da èyí tó ti fàya nù, kò sẹ́ nǹkankan. Ọ̀rọ̀ náà ti kọjá sínú ìwé mìíràn. Jerome, ọ̀mọ̀wé Kristẹni kan, sọ pé ní Kesaríà, níbi tí ilé-ìkàwé Pamphilus wà, bíṣọ́ọ̀bù méjì, Acacius àti Euzoius, bójú tó bí wọ́n ṣe ṣe àdàkọ àwọn ìwé tó ti ń bàjẹ́ sórí awọ. Kò sọ ibi tí wọ́n gbé àwọn ògbólógbòó gbà, bẹ́ẹ̀ ni kò jọ pé ó kà á sí ohun tó yẹ kí òun sọ.

Kò wá túmọ̀ sí pé ewé jẹ́ lásán lójú gbogbo wọn. Àwọn kan ń so ọ̀rọ̀ Ìhìnrere mọ́ ọrùn bí tírà. John Chrysostom, oníwàásù ńlá, sọ ní Áńtíókù pé àwọn obìnrin àti ọmọdé ń ṣe bẹ́ẹ̀. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo, kò tiẹ̀ bínú sí ẹni tí orí ń fọ́ tó gbé Ìhìnrere lé orí. Ó ní ó sàn ju kí ó sá lọ bá oníṣègùn tírà. Irú tírà Kristẹni bẹ́ẹ̀ wà láti Oxyrhynchus fúnra rẹ̀: ewé kékeré kan tí ẹsẹ inú Mátíù nípa bí Jésù ṣe ń wo gbogbo àìsàn sàn wà lórí rẹ̀, ó jọ pé wọ́n ká a kí ó lè ṣe é so. Ìlú kan náà, ìwé kan náà. Ọ̀kan di ààbò ọrùn, èkejì di pàǹtírí.

Àwọn mìíràn bá òkú lọ. Ní 1984, ní itẹ́ òkú àwọn tálákà kan ní al-Mudil ní Íjíbítì, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ọmọbìnrin kan tó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 12, tí ìwé Sáàmù lódindi lédè Kọ́pútíìkì wà lábẹ́ orí rẹ̀, pẹ̀lú èèpo igi rẹ̀. Ó ti lé ní 1,500 ọdún. Káírò ni ìwé náà wà báyìí. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á ní, "Ẹ ò rí i, ìwé mímọ́ tòótọ́ ni wọ́n ń sin pẹ̀lú ọ̀wọ̀." Ẹ má tí ì yára. Ní Akhmim, ní 1886 wọ 1887, wọ́n rí ìwé mìíràn nínú ibojì tí wọ́n ní ti mọ́ńkì ni, àwọn ohun tó sì wà nínú rẹ̀ ni Ìhìnrere Pétérù, Ìfihàn Pétérù àti apá kan ìwé Énọ́kù. Kò sí ọ̀kankan tó wọ Májẹ̀mú Titun nínú wọn. Mátíù lórí ààtàn, Ìhìnrere Pétérù lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú.

Ti Nag Hammadi ní Íjíbítì, àwọn ìwé tí kò sí nínú Bíbélì, ló lókìkí jù. Ní 1945, àwọn àgbẹ̀ tó ń wa ilẹ̀ ajílẹ̀ rí ìkòkò kan tí ìwé 13 wà nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, tí a sì ti gbọ́ ọ ní oríṣiríṣi. Àwọn ewé ògbólógbòó tí wọ́n fi ki èèpo àwọn ìwé náà ní déètì ọdún 341, 346 àti 348. Nítorí pé Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà, kọ lẹ́tà ní 367 tó ka àwọn ìwé tó yẹ, tó sì ní kí a jáwọ́ nínú ìyókù, ọ̀pọ̀ ti sọ pé àwọn mọ́ńkì sin ìwé yìí kí wọ́n má baà sun ún. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àbá ni, kò sí ẹlẹ́rìí. Àwọn onímọ̀ mìíràn ní ibojì pọ̀ ní òkè yẹn, pé ó lè jẹ́ ìwé tó bá olówó rẹ̀ lọ sí ọ̀run. Nínú àwọn ìwé kan náà, apá kan ìwé Plato, amòye Gíríìkì, wà, èyí tí ẹnikẹ́ni kò fi òfin ìjọ dè. Nígbà tí ẹ bá tún rí fídíò tó ń sọ fún yín pé Fátíkàn ló ń wá ìkòkò yẹn, ẹ rántí pé kò sí Fátíkàn bí a ṣe mọ̀ ọ́n nígbà náà.

Irọ́ kékeré mìíràn tún wà tó ń lọ káàkiri: pé wọ́n ń fi ewé Ìhìnrere ṣe ìbòjú fún òkú tí wọ́n ti fi oògùn tọ́jú ní Íjíbítì. Lóòótọ́ ni pé wọ́n ń fi ògbólógbòó páàpírù ṣe irú ìbòjú bẹ́ẹ̀, àmọ́ àṣà náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà Augustus, kí Jésù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ègé Máàkù tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù, tí wọ́n ní ti ọgọ́rùn-ún ọdún kìn-ín-ní ni, jáde ní 2018: ààtàn Oxyrhynchus ló ti wá, àwọn olóòtú rẹ̀ sì fi í sí òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹta.

Ibi tí ewé Ìhìnrere ti di ohun ìkìbọ̀ ní tòótọ́ ni èèpo ìwé. Ní Coptos ní Íjíbítì, ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún 19, wọ́n rí ìwé Philo, amòye Júù, tí wọ́n fi pamọ́ sínú ògiri ilé. Ohun tí wọ́n fi ki èèpo rẹ̀ kí ó lè le ni àwọn ègé Ìhìnrere Lúùkù, tó wà lára èyí tó pẹ́ jù tí a ní. Àwọn awọ náà, nítorí owó wọn, wọ́n ń há ọ̀rọ̀ kúrò lára wọn, wọ́n á wá kọ òmíràn sí i. Ní 1892, Agnes Smith Lewis rí irú èyí ní ilé àwọn mọ́ńkì ní òkè Sínáì. Ìtàn àwọn obìnrin mímọ́ ló wà lókè rẹ̀, ṣùgbọ́n lábẹ́ rẹ̀, Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lédè Síríákì, tó ti pẹ́ gan-an, ń yọjú. Ẹni tó há a kì í ṣe kèfèrí. Mọ́ńkì ni, ó sì kọ ìtàn àwọn ẹni mímọ́ lé e lórí.

Ó gba ìjọ títí di ọdún 692 kí ó tó sọ̀rọ̀ gbangba. Òfin kejìdínláàádọ́rin ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Kọnsitantinópù sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ba ìwé Májẹ̀mú Láéláé àti Titun àti ti àwọn olùkọ́ mímọ́ jẹ́, kò gbọdọ̀ gé e, kò sì gbọdọ̀ fi í fún àwọn olówò ìwé tàbí àwọn tó ń po òróró olóòórùn dídùn, tàbí ẹlòmíràn tó máa pa á rẹ́. Ẹni tó bá ṣe é, kí ó kúrò nínú ìdàpọ̀ fún ọdún kan. Kí ni ẹni tó ń po òróró olóòórùn dídùn fẹ́ fi Ìhìnrere ṣe? Òfin náà kò sọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ra àkàrà tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé rí kò nílò àlàyé. A kì í ṣòfin lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe. Ẹ sì wo ohun tí òfin yọ sílẹ̀: àyàfi tí kòkòrò, omi tàbí nǹkan mìíràn bá ti bà á jẹ́ tí kò wúlò mọ́. Ìwé tó ṣì ṣe é kà ni wọ́n dáàbò bò. Èyí tó ti bàjẹ́ pátápátá, wọn kò ní kí a sin ín, wọn kò ní kí a sun ún, wọn kò fi àdúrà kankan sí i.

Ìtàn tí wọ́n máa ń fi gbé gbogbo èyí lẹ́sẹ̀ ni ti Constantin von Tischendorf, ará Jámánì tó lọ sí ilé mọ́ńkì Sínáì yẹn ní 1844. Ó ní òun rí ewé Bíbélì Gíríìkì tó pẹ́ gan-an nínú apẹ̀rẹ̀, pé wọ́n fẹ́ fi dáná, pé òun ló gbà wọ́n là. Ewé 43 ló kó lọ sí Leipzig, ó padà ní 1859, èyí tó pọ̀ jù sì dé Rọ́ṣíà, kí Ìlú Ọba tó rà á ní £100,000 ní 1933. Àwọn mọ́ńkì Sínáì kò gba ọ̀rọ̀ iná yẹn rí. Ní 1975, nígbà tí wọ́n ń kó pàǹtí kúrò ní yàrá kan tí òrùlé rẹ̀ ti wó lu ohun tó wà nínú rẹ̀ nínú ògiri ilé wọn, wọ́n rí ìwé àti ègé ìwé tó lé ní 1,000 tí àwọn tó ṣáájú wọn ti kó síbẹ̀. Ewé 12 nínú wọn jẹ́ ti Bíbélì kan náà tí Tischendorf ní wọ́n fẹ́ sun.